Òórùn Epo Nínú Ọkọ̀ Ìyàwó Mi

Òórùn bẹntiróò ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń mu ẹ̀kọ gbígbóná, ó sì wọlé bá mi láti ojúde bí àlejò tí kò kágò. Mo ti tan ọkọ̀ ìyàwó mi sílẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè gbóná díẹ̀, bí òun náà ṣe máa ń ṣe láràárọ̀ nígbà tó wà láyé. Ní agboolé wa ní Bẹyẹrunkà, ojúde kan náà ni ọkọ̀ ń dúró sí, ibẹ̀ ni a ń sá aṣọ sí, ibẹ̀ náà ni a ti ń dáná. Nígbà tí mo fi máa yọjú, ìyàwó àbúrò mi ti to igi sínú ààrò, ó tẹ̀ ba, ó ń fẹ́ iná sábẹ́ agbada àkàrà. Afẹ́fẹ́ sì ń ti ọ̀dọ̀ ọkọ̀ bọ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Da omi sí igi yẹn!"

Ó gbójú sókè wò mí. N kì í pariwo nínú ilé. "Bàbá, mo ti da òróró sínú agbada o."

"Mo ní da omi sí i!"

Ó dà á. Mo sáré pa ọkọ̀, mo lọ sẹ́yìn rẹ̀, mo kúnlẹ̀. Ilẹ̀ abẹ́ ẹ́ńjìnnì ti rin, ibi tó rin náà fẹ̀ tó àwo ìjẹun, ojú rẹ̀ ń dán ní oríṣiríṣi àwọ̀ bí ọrùn ẹyẹlé. Epo ṣì ń kán sí i.

Irú ọkọ̀ tí gbogbo ayé ń pè ní ìjàpá ni, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí rugudu, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, tí táǹkì epo rẹ̀ wà níwájú. Ìyàwó mi ti ní i kí n tó fẹ́ ẹ. Epo ń ti iwájú wá, ó ń gba abẹ́ ọkọ̀ lọ sínú kábúrétọ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tó lè lò ó. Orí ẹ́ńjìnnì gbígbóná gan-an ni kábúrétọ̀ yìí jókòó sí. Ohun tó bá kán láti ara rẹ̀, orí ooru ló ń kán sí. Mo ti rí ìjàpá tó jóná rí, lójú títì, nígbà tí mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé. Kò pẹ́ rárá kó tó di irin lásán.

Ká ní ọkọ̀ nìkan ni, ǹ bá fi ọ̀rá bò ó kí n gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ìyá ìyàwó mi wà lórí ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀kan nínú ojú ìyá ti fọ́ pátápátá. Ìkejì ti bò, àmọ́ dókítà ti sọ pé bí òun bá tètè ṣe iṣẹ́ abẹ sí i, yóò tún ríran. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n dá fún wa. Ìyàwó mi ló lọ gba ọjọ́ náà, òun ló bẹ ìyá rẹ̀ títí tó fi gbà, òun ló sì ṣèlérí pé òun ni òun yóò wa ọkọ̀ gbé e lọ. Lẹ́yìn náà ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ ní òwúrọ̀ kan, nígbà tí a ó sì fi kírun Alásárì ọjọ́ kejì, a ti sin ín. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa rẹ̀ níbí.

Mo lọ sí Oníyanrìn, àdúgbò tí ìyá ń gbé, lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn láti bá a sọ̀rọ̀. Ó jókòó síbi tó máa ń jókòó sí, lẹ́bàá ìkòkò ńlá tó fi ń se ọṣẹ dúdú nígbà tí agbára ṣì wà. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Àna mi. Ẹ dìde, ilẹ̀ ibẹ̀ yẹn tutù." Láti ọjọ́ ìdána ni ó ti ń pè mí ní ẹ̀yin, n kò rí i kí ó gbàgbé rí.

Mo ṣàlàyé fún un pé ọkọ̀ ń jo epo. Mo ní mo ti bá awakọ̀ kan sọ̀rọ̀, tí ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ tuntun, tó sì ní ẹ̀rọ amúlétutù.

"Ṣé ẹ mọ bí mo ṣe ń wọ ọkọ̀ ọmọ mi?" Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú nínú afẹ́fẹ́. "N ó fi tòsì di ilẹ̀kùn mú. N ó tẹrí ba. N ó fi tọ̀tún wá irin ìdìmú tó wà níwájú. Bí mo bá ti gbá a mú báyìí, mo ti jókòó nìyẹn, ẹnì kan ò fọwọ́ kàn mí. Nínú ọkọ̀ tuntun yẹn, kí ni n ó dì mú? Imú awakọ̀?"

Àwọn obìnrin tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ìyá, iná ni mò ń bẹ̀rù."

"Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi dáná ọṣẹ. Iná mọ̀ mí." Ó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ sórí itan. "Ẹ bá mi tún un ṣe. Bí kò bá ṣe é tún ṣe, ẹ jẹ́ kí ojú náà wà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí mo fẹ́ fi ojú náà rí ti lọ."

Mo mọ̀ pé kò sọ ọ́ láti fi dẹ́rù bà mí. Bó ṣe rí nìyẹn. Bí ọkọ̀ kò bá dé ní Ọjọ́bọ̀, kò ní lọ, ojú yóò sì kú. Bí ọkọ̀ bá sì dé, tó bá gbaná lójú ọ̀nà, ìjàpá kò ní ju ilẹ̀kùn méjì lọ, èmi ni n ó sì gbé ìyá jáde. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ojúde dá, mo jókòó sí àyè awakọ̀, mo ṣílẹ̀kùn, mo sáré yí ọkọ̀ po lọ ṣí ilẹ̀kùn kejì, mo na ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ fa ènìyàn jáde. Mo tún un ṣe títí èémí mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Gbogbo ìgbà ni mo ń pẹ́ jù.

Mẹkáníìkì kan wà lọ́nà Ọjà'ba, àgbàlagbà bíi tèmi, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ ọkọ̀ ìjàpá. Mo ránṣẹ́ sí i, nítorí n kò jẹ́ wa ọkọ̀ náà lọ bá a. Ó gbé báàgì irin-iṣẹ́ rẹ̀ dé, ó yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀kan, ó sì lù ú lẹ́yìn pẹ́pẹ́ bí ẹni ń kí ọ̀rẹ́.

"Ìjàpá kì í kú, tíṣà. Àwọn tó ń wà á ló ń kú."

Ìyàwó àbúrò mi gbé ojú kúrò.

"Háà," ni mẹkáníìkì wí. "Ẹ dákun sà. Ẹnu mi ló yọ̀."

"Kò sí wàhálà," mo ní.

Ìtìjú yẹn ló mú un ṣe wàrà-wàrà. Ó wo rọ́bà tó ń gbé epo wọ kábúrétọ̀, ó ní ó ti ń sán, ó fi tuntun sí i. A tan ọkọ̀. Kò pẹ́, epo tún bẹ̀rẹ̀ sí í kán.

"Á jẹ́ pé gásíkẹ́ẹ̀tì ni," ó ní, ìyẹn bébà líle tó wà láàrin ìdérí kábúrétọ̀ àti ìsàlẹ̀ rẹ̀.

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Bó bá dá mi lójú ni, ṣé ǹ bá ní 'á jẹ́ pé'?"

Bí a bá ń fi àfojúdá pààrọ̀ nǹkan kọ̀ọ̀kan báyìí, Ọjọ́bọ̀ yóò bá wa lẹ́nu rẹ̀. Mo rántí pé ṣọ́ọ̀kì ṣì wà nínú àpótí mi, èyí tó kù nígbà tí mo fẹ̀yìn tì. Mo lọ̀ ọ́ kúnná. A fi àkísà nu kábúrétọ̀ gbẹ, mo fẹ́ eruku ṣọ́ọ̀kì náà sí i lára títí ó fi funfun bí ẹni tó bọ́ sínú èlùbọ́. Mo gbé garawa iyanrìn sí ẹsẹ̀ mi, mo ní kí gbogbo ará ilé wọlé lọ, a sì tan ọkọ̀.

Àwa méjèèjì ń wò ó, orí wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Fún ìgbà díẹ̀, funfun ni gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìlà dúdú kan yọ, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Kò ti ibi gásíkẹ́ẹ̀tì wá. Ìdí páìpù idẹ kékeré tí epo ń gbà wọlé lókè ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ pa á, ẹ pa á," ni mẹkáníìkì ń wí.

Nígbà tó tutù, ó fi ìka yí páìpù náà. Ó yí. Ó fà á, ó sì bọ́ sí i lọ́wọ́ bí eyín ọmọ tó ti ń mì. Ó gbé e síwájú mi láìsọ̀rọ̀. A kan fi agbára ki páìpù yẹn bọ inú kábúrétọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, kò ní ìdè kankan. Ká ní ó bọ́ nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, epo yóò máa tú yàà sórí ẹ́ńjìnnì.

"Kí ni ò jẹ́ kó bọ́ látọjọ́ yìí?" mo bi í.

Ó fi èékánná ha ìdí páìpù, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. "Ọṣẹ ni. Ọṣẹ dúdú. Àwọn awakọ̀ ẹlẹ́rù ló máa ń ṣe é bí táǹkì wọn bá jo. Epo ò lè yọ́ ọṣẹ, sà. Omi nìkan ló ń yọ́ ọ. Ta ló fi omi wẹ ẹ́ńjìnnì yìí?"

Èmi ni. Ní ọjọ́ tó ṣáájú òórùn yẹn, mo ti fi omi gbígbóná wẹ ẹ́ńjìnnì náà kí ọkọ̀ lè mọ́ fún ìyá.

Mo lọ ṣí àpò ara ilẹ̀kùn awakọ̀. Agolo kékeré kan wà níbẹ̀ tí mo ti ń rí láti ìgbà pípẹ́, ọṣẹ dúdú wà nínú rẹ̀. Mo rò pé ìyàwó mi ń fi fọwọ́ ni. Láràárọ̀ ni ìyàwó mi máa ń so ìró rẹ̀ le, á lọ sẹ́yìn ọkọ̀, á ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì, á bẹ̀rẹ̀, á sì tún un dé. Láti ojú fèrèsé ni mo ti máa ń wò ó. Mo rò pé ó ń wo òróró ẹ́ńjìnnì. Ó ń fi ọṣẹ dí i ni, ó sì ń gbé ìyá rẹ̀ jókòó sínú rẹ̀, ó ń gba àárín ọjà lọ, ó ń bọ̀.

Mo bínú sí i. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi bí a ṣe ń bínú sí òkú. Mo wọ yàrá lọ, mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn títí ọkàn mi fi rọ̀, mo sì tún jáde.

"Tíṣà," ni mẹkáníìkì wí, "ọ̀nà kan rọrùn o. Ká fi ọṣẹ padà sí i. Ẹ lọ, ẹ bọ̀, lẹ́yìn Ọjọ́bọ̀ a ó tún un ṣe dáadáa. Ó ti gbé wọn látọjọ́ yìí."

N kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ mí létí. "Rárá," mo ní. "Ẹ tú gbogbo rẹ̀."

A tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tú kábúrétọ̀ náà palẹ̀ lórí rẹ̀: ìdérí, ike tó ń léfòó nínú epo, abẹ́rẹ́ kékeré tí ike náà ń gbé sókè láti ti ilẹ̀kùn mọ́ epo bó bá ti kún, àwọn ihò tín-tìn-tín tí ó ń fi ẹnu fẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun yóò lọ wá abẹ́rẹ́ tuntun àti gásíkẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta àlòkù. Kí ó tó dé, ó ní kí n bá òun ha ọṣẹ tó kù ní ojú ihò páìpù kúrò.

Igi ìgbálẹ̀ ni mo fi ń ha á. Ọṣẹ náà ti le sí etí ihò yẹn, ojú àtàǹpàkò ìyàwó mi hàn lára ibi tó nípọn jù. N kò fẹ́ kí ó fọ́. Mo ń gbé igi yẹn bí ẹni tó ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ, títí ó fi ṣí kúrò lódindi, mo bá gbé e sínú agolo rẹ̀.

Nígbà tó padà dé, ó fi abẹ ayùn rẹ́ ara páìpù yí ká kí ó lè di ibẹ̀ mú, ó fi òòlù kàn án wọlé, ó fi gọ́ọ̀mù irin yí ìdí rẹ̀ ká, ó sì tún fi wáyà so ó mọ́ ara kábúrétọ̀. Ní ọjọ́ kejì tí gọ́ọ̀mù ti gbẹ, a dá a padà. A tan ọkọ̀. Mo fẹ́ ṣọ́ọ̀kì sí i. Funfun ni, funfun ni ó sì wà.

"Ẹ má tíì yọ̀," ó ní. "Ilẹ̀ pẹrẹsẹ rèé. Ẹ jẹ́ ká gbé e gun òkè Mápó. Èyí tí kò bá jo ní Mápó, kò ní jo mọ́."

Mo gbé garawa iyanrìn sí ìjókòó ẹ̀yìn. Ó wò ó, ó wò mí.

"Oníyanrìn lẹ ń lọ ní Ọjọ́bọ̀, ẹ tún ń gbé iyanrìn lọ fún wọn?"

Láti Bẹẹrẹ ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Ọjà ti kún títì. Ọ̀kadà ń gba ọ̀tún, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ń gba òsì, obìnrin kan sì ń sun àgbàdo lórí iná èédú létí títì gan-an. N kò mí títí a fi kọjá rẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró níwájú wa lórí òkè. Èmi náà dúró. Ọkọ̀ wa kọ ojú sókè, ẹ̀yìn rẹ̀ kọ sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́. Ó tún wúkọ́, ó sì kú.

Òórùn náà dé.

Mo ti bọ́ sílẹ̀ kí mẹkáníìkì tó sọ̀rọ̀. Ó fi òkúta há táyà, ó ṣí ìdérí ẹ̀yìn. Ìdí páìpù gbẹ. Láti ẹnu kábúrétọ̀ fúnra rẹ̀ ni epo ti kún tó ń ṣàn jáde. Mo di garawa iyanrìn mú bí ọmọ. Aláṣọ kan tí a dí ojú ìsọ̀ rẹ̀ na ìka sí wa.

"Bàbá! Ẹ gbé ìjàpá yín kúrò lójú ọjà mi, kó tó yé ẹyin síbẹ̀!"

"Bó bá yé e, a ó fún yín ní ìdajì," ni mẹkáníìkì dá a lóhùn, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Ó ṣí ìdérí kábúrétọ̀, ó yọ abẹ́rẹ́, ó gbé ojú ibẹ̀ sí oòrùn. Ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó na ìka rẹ̀ sí mi. Ẹyọ nǹkan kan wà lórí rẹ̀, dúdú, kò tó ọkà bàbà. Ẹ̀rún ọṣẹ ni. Ó ti há sábẹ́ abẹ́rẹ́, kò jẹ́ kí ilẹ̀kùn epo tì.

Nígbà tí mo ń ha á ni ó já sínú ihò. Ojú àtàǹpàkò yẹn ni mo ń ṣọ́, n kò ṣọ́ ihò.

"Ìyàwó yín ò tíì fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ wọn, sà," ó ní. Lọ́tẹ̀ yìí kò tọrọ àforíjì, n kò sì fẹ́ kí ó tọrọ rẹ̀. Ó fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú páìpù àti ihò náà, ó tutọ́ epo sílẹ̀, ó dé e padà. A dúró kí ohun tó ṣàn gbẹ, a bu iyanrìn sí èyí tó dé ilẹ̀. Mo tan án. A gun Mápó dé òkè, a yí padà, a tún un gùn, a dúró níbi tó ga jù, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Mo fi ìka nu ìdí páìpù, mo nu ẹnu kábúrétọ̀, mo wo ìka náà. Mo tún un ṣe títí mẹkáníìkì fi ní ebi ń pa òun.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ mo dé Oníyanrìn kí oòrùn tó mú. Ìyá ti múra. Ó fi ọwọ́ òsì di ilẹ̀kùn mú, ó tẹrí ba, ó fi ọ̀tún wá irin ìdìmú. Ó jókòó. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. N kò tíì dé orí títì tó fi gbé imú sókè.

"N ò gbọ́ òórùn ọṣẹ mi."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ bíréèkì. "Ìyá mọ̀ nípa ọṣẹ náà?"

"Ta ló ń gé e fún un? Ẹ̀yin ò mọ̀?"

"N kò mọ̀, Ìyá."

Ó di irin ìdìmú mú títí a fi kọjá kòtò kan. "Ó ní kí n má sọ. Ó ní bí ẹ bá gbọ́, ẹ ò ní sùn mọ́."

Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ òórùn yẹn, n kò tíì sùn dáadáa. Mo ń wa ọkọ̀, etí mi wà lẹ́yìn, imú mi wà lẹ́yìn. Ní gbogbo ibi tí ọkọ̀ bá ti dúró, ìyá ń bi mí pé, "Ó gbẹ?" mo ń sọ pé mo rò bẹ́ẹ̀, ó sì ń sọ pé èrò kọ́ ni òun bi mí.

Nígbà tí a wọ ọgbà ilé ìwòsàn, kò sọ̀ kalẹ̀. "Ẹ lọ wò ó ná."

Mo lọ sẹ́yìn, mo ṣí i. Mo fi áńkáṣífù funfun yí ìdí páìpù ká. Eruku ṣọ́ọ̀kì nìkan ló bá a wá. "Ó gbẹ, Ìyá."

"Èyí tó kù ńkọ́? Ọṣẹ náà?"

Mo mú agolo fún un. Ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi ìka kan ohun tó wà nínú rẹ̀ jẹ́jẹ́. Mo rò pé yóò so ó mọ́ etí ìró rẹ̀. Ó dá a padà fún mi.

"Ẹ fi fọwọ́ yín. Epo ni ẹ ń rùn látàárọ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe fẹ́ fà mí wọlé tọ dókítà lọ?"

"Ìyá, èyí ni..."

"Ọṣẹ ni, àna mi."

Ẹ̀rọ omi kan wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Mo dúró níbẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú agolo náà, lẹ́yìn náà ni mo fi omi sí i, mo sì fọwọ́. Ó hó dáadáa. Nígbà tí mo padà dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ìyá ṣì di irin ìdìmú mú. Mo na ọwọ́ sí i. Ó gbé e súnmọ́ imú, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì jọ̀wọ́ irin náà.